Nọ́ọ̀sì Akínlẹ́yẹ àti Ọ̀pá Tí Kì í Yí

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1998, kílò méjìlélógójì ni ilẹ̀kùn gáréèjì Nọ́ọ̀sì Monínúọlá Akínlẹ́yẹ wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé e sókè. Kì í ṣe àfojúdá. Fúàdì wẹ́dà ló yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, ó fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó fi okùn fà á sókè, èmi sì ka nọ́ńbà tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró lé. Yàrá ẹ̀yìn ní ilé náà ni mo ń gbé. Mo ti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, mo ti sin ìjọba lọ́dún kan, kò sì sí ẹni tó fún mi níṣẹ́, nítorí náà mo ráyè ka nọ́ńbà.

Kí ọkọ Nọ́ọ̀sì tó ra ilé náà ní Adó, ilé ìkẹ́rù kòkó ni apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn gáréèjì fi jẹ́ irú èyí tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ńlá: irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀, tó ń ká sókè bí ẹní. Lókè rẹ̀, ọ̀pá irin kan nà láti ògiri dé ògiri. Sípíríǹgì wà lára ọ̀pá náà, àwọn ni wọ́n ń bá èèyàn gbé ilẹ̀kùn. Láti ọdún 1979, kò sẹ́ni tó wo ojú wọn. Wọ́n ti dẹ̀. Ilẹ̀kùn wá di ẹrù.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Nọ́ọ̀sì. Ó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbẹ̀bí fún ìjọba, Ìgèdè ló sì ti fẹ̀yìntì. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ó ń wa mọ́tò ìjàpá rẹ̀ lọ sí Ìgèdè láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mọ ọmọ tó fẹ́ fi ìdí jáde. Kò sẹ́ni tó rán an. Bí wọ́n bá pè é lọ́jọ́ mìíràn, ó ń lọ. Kì í gun ọ̀kadà. Ó ní òun ti rán orí àwọn tó ń gùn ún jù.

Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n apá náà kò gòkè kọjá àyà mọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ jáde, ó ní láti wá ọkùnrin tí yóò gbé ilẹ̀kùn. Ó gbìyànjú láti máa fi ìjàpá sílẹ̀ níta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olè ti gbé bátìrì rẹ̀ lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rẹ̀mí, wá láti Ìbàdàn ní ìparí oṣù Kejì.

"Mọ́mì, ó ti tó. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ti ṣètò yàrá yín. A ó ta ìjàpá yẹn."

"Ta ni yóò tà á?"

"Mọ́mì, ẹ ò lè ṣí ilẹ̀kùn ilé ara yín."

"Ulé mi nìyí. Ilẹ̀kùn mi ni. Mo máa ṣí i."

"Nígbà wo?"

"Kó tó di ọdún Àjíǹde."

"Ó dáa. Bí mo bá dé lọ́dún Àjíǹde, tí ẹ fúnra yín ṣí i, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹ ò bá lè ṣí i, a jọ ń lọ ni."

Rẹ̀mí ní ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti sá lọ ní oṣù Kejìlá. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Báyìí ni Nọ́ọ̀sì ṣe dé ọ̀dọ̀ Alhaja Kúdírát, tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù láti òkè òkun ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba. Mo bá a lọ, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mò ń ṣe. Láàárín fíríìjì méje àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tí kò ní ìdérí, Kúdírát fa àpótí irin méjì síta.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, méjì ni mo ní. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni méjèèjì ti wá, iná tiwa gbé wọn. Ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Èyí, ọ̀pá ló ń yí. Tọ̀hún, kẹ̀kẹ́ tí ilẹ̀kùn wé mọ́ ló ń yí, kì í fọwọ́ kan ọ̀pá. Èwo ni tiyín?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ fi ẹfun fa ìlà sára ọ̀pá. Kí ẹnìkan gbé ilẹ̀kùn sókè. Bí ìlà bá bá ilẹ̀kùn yí, ẹ wá gbé èyí. Bí ìlà bá dúró lójú kan, ẹ wá gbé tọ̀hún."

Ó fa ewé kàlẹ́ńdà kan ya, ó kọ ìbéèrè mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá ń yí àbí kì í yí? Àyè ha wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn? Iná ha súnmọ́ ibẹ̀? Ìkẹrin, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ṣé ilẹ̀kùn fúyẹ́ lọ́wọ́?

"Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe alágbàrù, Mọ́mì. Sípíríǹgì ló ń gbé ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ kàn ń fi ọ̀nà hàn án ni. Ẹ dá a lóhùn dáadáa, torí ọjà tó bá ti kan ògiri, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Kódà bí ìyá tó bí mi ló rà á."

Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání tó bẹ́ẹ̀ ní Adó láti ìgbà tí mo ti dé láti ilé ẹ̀kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ẹfun kan ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìdílé náà fi ṣe é, wọn kò sì lo ẹfun.

Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ọkọ ni ilé náà, ògiri ọkọ sì ni wọ́n fẹ́ dá ihò sí. Ọkọ ti kú. Nọ́ọ̀sì ní láti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní Ìgèdè kó tó fọwọ́ kan bíríkì kan. Bàbá Bámgbóyè Akínlẹ́yẹ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, dé ní ọjọ́ kejìlélógún, pẹ̀lú gègé méjì nínú àpò àyà. Ó jókòó nídìí tábìlì. Wọ́n gbé tíì fún un. Ó gba ewé kàlẹ́ńdà náà, ó kà á, inú rẹ̀ sì dùn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó tún gbé ìbéèrè fún un.

"Ìbéèrè kìíní," ó ní. "Ṣé ọ̀pá ń yí? Ọ̀pá wo ni kì í yí? Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀.

Ilẹ̀kùn náà kò jìnnà sí tábìlì ju ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún lọ. Mo ní kí a lọ wò ó. Bàbá wò mí bí ìgbà tí ewúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta lèyí?"

"Ayálégbé ẹ̀yìn ni, sà," Nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Ó dáa. Ìbéèrè kejì. Àyè lára ògiri. Ó tó. Ìkẹta, iná. Ó wà. Ìkẹrin." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un lò. "Ṣé ilẹ̀kùn fúyẹ́? Ìbéèrè òmùgọ̀ nìyí. Bó bá fúyẹ́, kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?" Ó kọ: *Rárá. Ìdí nìyí tí a fi ń ra ẹ̀rọ.*

Fúàdì wẹ́dà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìwó ni, ó ti gbé Adó fún ọdún mọ́kànlá, òun ló sì ṣe ìdajì ilẹ̀kùn onírin tó wà ládùúgbò náà. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀.

"Fúàdì," Bàbá pè é, "ọ̀pá ń yí, àbí kì í yí?"

"Sà, irú ọ̀pá yìí, bí èèyàn bá wò ó dáadáa..."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí bàbá rẹ tó mọ ìyá rẹ. Ọ̀pá ń yí, àbí kì í yí?"

"Ó ń yí, sà."

"Ó ṣeun. Ìyàwó, ẹlẹ́rìí ti jẹ́rìí."

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi pàṣẹ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n fọ ọwọ́ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì gbé ife tíì kúrò.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú ìwé lọ sọ́dọ̀ Kúdírát. Kúdírát ka ìdáhùn kẹrin, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fíríìjì mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún sípíríǹgì ṣe."

"Ìwọ ń ta ẹ̀rọ, àbí o ń ta ìmọ̀ràn?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ìmọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni."

"Mi ò gba ọ̀fẹ́."

"Ẹ buwọ́ lù ú fún mi nígbà náà."

Bàbá buwọ́ lù ú. Ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ó kọ oyè rẹ̀, ó kọ ọdún tó fẹ̀yìntì, ó sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Kúdírát gbé ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá fún un.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, Fúàdì kan ẹ̀rọ mọ́ ògiri. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní kí wọ́n tú ohunkóhun tí kò bá jẹ́ kí ọ̀pá yí. Bóòtù mẹ́rin ló de ọ̀pá náà mọ́ ògiri. Ẹni tó bá ní làákàyè á bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi de ọ̀pá tó ń yí mọ́ ògiri. Bóòtù náà ti dípẹtà, nítorí náà Fúàdì fi iná gé wọn. Ó fa wáyà wá láti ọ̀dọ̀ mítà. Iná pupa kékeré kan tàn lára ẹ̀rọ. Bàbá gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ẹ̀rọ, fún ilé, fún olóògbé, fún ìlú Ìgèdè. Ó wá tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ kùn. Ọ̀pá ń yí. Ilẹ̀kùn kò mira.

Ọ̀pá yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó yí lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ohun kan ń dún nínú lókè bí ìgbà tí èèyàn ń fún ẹnu àpò ìrẹsì tó kún jù. Òórùn jíjó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn gbéra kúrò nílẹ̀, ó tó ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ó dúró. Ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

"Ó ṣí!" Bàbá kígbe. "Ẹ wò ó! Ó ṣí!"

"Ó ku díẹ̀, sà," Fúàdì ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé gbé láti oṣù mẹ́ta lọ sókè wẹ́rẹ́ bí aṣọ fèrèsé.

Bàbá padà sí Ìgèdè lọ́jọ́ yẹn, ó sì ròyìn ẹ̀rọ náà dé gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé. Bó ti lọ tán, Fúàdì jókòó sórí àkàbà.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ yẹn ò ṣí ilẹ̀kùn o. Kò lè ṣí i láéláé. Ọ̀pá yín kì í yí, kẹ̀kẹ́ ló ń yí lára rẹ̀. Nígbà tí mo gé bóòtù, ẹ̀rọ wá ń fi tipátipá yí ọ̀pá, ọ̀pá sì ń wé sípíríǹgì le. Sípíríǹgì tó le yẹn ló sọ ilẹ̀kùn di fífúyẹ́. Ohun tí mo lè fi sípánà ńlá méjì ṣe ní ìdajì wákàtí nìyẹn."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bàbá ò bi mí kí n sọ, Mọ́mì. Wọ́n bi mí kí n gbà."

Mo lọ yá òṣùwọ̀n àwọn oníkòkó. Kílò mẹ́ta.

"Kí ló wá di ọ̀pá mú báyìí?" mo bi í.

"Ẹ̀rọ ni. Jíà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó yí padà fúnra rẹ̀. Bóòtù olówó ńlá ló dà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tẹ bọ́tìnnì yẹn o. Títẹ̀ àkọ́kọ́, ó lọ síwájú. Títẹ̀ kejì, á padà sẹ́yìn, á tú gbogbo sípíríǹgì palẹ̀. Pẹ̀lú òórùn tó ń rùn yẹn, kò dá mi lójú pé ó lè tún un wé mọ́."

Ó fẹ́ ra bóòtù tuntun kó fi de ọ̀pá padà, ṣùgbọ́n Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbọ́dọ̀ dé Ìwó. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ló tó máa dé. Ó ní kí òun gé wáyà ẹ̀rọ kí òun tó lọ. Nọ́ọ̀sì kọ̀. Bí Bàbá bá dé lọ́dún Àjíǹde tí kò rí iná pupa yẹn, á ní wọ́n ti ba ẹ̀rọ òun jẹ́, á sì lọ mú oníná mìíràn wá láti Ìgèdè láti tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì mú báńdéèjì àti pílásítà, ó wé bọ́tìnnì náà ní ìwéká mẹ́fà, ó so ó ní kókó, bí ẹni tó wé ìwọ́ ọmọ.

Ní Sátidé, ọjọ́ keje lẹ́yìn tí Bàbá ti fògo fún ara rẹ̀, tí í ṣe ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, Rẹ̀mí dé. Ó ti gbé Bàbá ní Ìgèdè lójú ọ̀nà. Báàgì ńlá méjì tó ṣófo wà nínú búùtù mọ́tò rẹ̀. Kò síná láti Ọjọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì ń dúró lẹ́nu gáréèjì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìjàpá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó kí Bàbá, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì gbé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn lọ sókè.

Rẹ̀mí wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ẹnìkan ń bá a gbé e.

"Kí ló dé tí o fọwọ́ ṣí i?" Bàbá bi í. "Ẹ̀rọ ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ rí i!"

"Kò síná, Bàbá."

Kò tíì pa ẹnu dé tí àwọn ọmọ àdúgbò fi pariwo pé iná dé. Iná pupa náà tàn. Bàbá ń lọ sídìí ògiri.

"Ìyàwó, kí ló ṣe bọ́tìnnì yìí? Ó ṣèṣe ni?"

Ó ti ń tú báńdéèjì. Ó tú ìwéká kan, ó tú èkejì. Nọ́ọ̀sì wo báàgì méjì tó wà nínú búùtù. Ó rìn lọ, ó sì dúró sáàárín Bàbá àti ògiri.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá yẹn kì í yí."

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń yí!"

"Ẹ kọ ọ́, sà. Ọ̀pá ò ka ìwé yín."

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ fún Bàbá pé kò rí bó ṣe wí. Ó gba ọdún méjìlélógójì. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní ìdúró: bóòtù, sípíríǹgì, òórùn jíjó. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọ̀pá.

"Ẹ̀rọ náà ló di ọ̀pá mú?"

"Òun ni, sà."

"Nígbà náà, mo yan ẹ̀rọ tó di ọ̀pá mú," Bàbá ní, ó sì wọlé lọ wá tíì.

Rẹ̀mí ti rí ọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àdéhùn wa..."

"Kò sí ẹ̀rọ nínú àdéhùn wa. O ní kí n ṣí i fúnra mi." Nọ́ọ̀sì fa ilẹ̀kùn wálẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ó fà á wálẹ̀, ó gbé e sókè. "Kà á fún mi, mélòó nìyẹn? Wá gbé e, kí o má baà ní mo fi oògùn sí i."

Rẹ̀mí gbé e. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Ilẹ̀kùn ṣì wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nígbà tó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin kankan ní Ìgèdè tó lè wá máa tọ́jú ìbejì?"

"Mo gbẹ̀bí gbogbo wọn. Mo máa bá ọ wádìí."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjàpá wà lójú ọ̀nà Ìgèdè kí agogo méje tó lù. Fúàdì dé láti Ìwó, ó de ọ̀pá mọ́ ògiri, ó sì gé wáyà. Ní Ìgèdè, wọ́n ṣì ń sọ pé Bàbá Bámgbóyè ló yan ẹ̀rọ tó ṣí gáréèjì ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ṣí ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Mi ò dárí ji Bàbá. Mi ò dárí ji Fúàdì, tó mọ̀, tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìdáhùn, ó gbé ife tíì. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá béèrè pé ta lèyí, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni mẹ́ta ni wọ́n kàn mọ́ ògiri yẹn. Pé ó yọrí sí rere, sípíríǹgì ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó yẹ ká kí.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, àgbà kan wà nídìí tábìlì ilé yín báyìí tó ń kọ ìdáhùn sí ohun tí kò dìde lọ wò. O mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbé ìwé yìí sílẹ̀, lọ bá a, kí o sì sọ ọ́ kó tó buwọ́ lù ú.